Bẹ́ ẹ ṣe máa fọwọ́ ara yín ṣe áńpù hẹ́dífóònù nílé, pẹ̀lú bátìrì 9V kan

Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù. "Ẹ̀gbọ́n, hẹ́dífóònù ńlá tí wọ́n fún mi yìí, mo kì í sínú fóònù, mo sún ohùn ẹ̀ dé òkè pátápátá, ó ṣì ń dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ látinú àgbá, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Kò bàjẹ́ o. Agbára fóònù yín ni ò ká a, áńpù, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn sókè, ló máa ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó bi mí kẹ́yìn, ọmọkùnrin kan ni ní Kétu, ó máa ń fi fóònù gba orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣeré, ó wá fẹ́ máa kọ ọ̀rọ̀ inú orin náà sínú ìwé, ṣùgbọ́n ìlù bo akọrin mọ́lẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan dáadáa. Mo ní kó wá bá mi ní Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. A jókòó sẹ́yìnkùlé, a ṣe é tán lọ́jọ́ kan náà. Ohun tí mo fi hàn án ni mo kọ síbí, kí n lè máa fi ránṣẹ́ sáwọn tó kù.

Tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ẹ̀, ẹ má gbàgbé ọ̀kan yìí: mítà, ẹ̀rọ tá a fi ń wọn iná, ló máa kọ́kọ́ gbọ́ áńpù yìí, etí ló máa gbẹ̀yìn.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ nílò ẹ̀

Ẹ wo ara hẹ́dífóònù yín tàbí páálí ẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ àmì Ω (ohm) tẹ̀ lé.

- 16 tàbí 32: fóònù ká a. Ẹ má da ara yín láàmú, áńpù kàn máa fi ariwo ṣíṣì kún un fún yín ni.
- 80 sókè, 250, 300, 600: ibí ni áńpù ti ń ṣiṣẹ́ gan-an.
- Oní-Bluetooth: ó ti ní áńpù tiẹ̀ nínú, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fún un.

Fóònù tí kò ní ihò jáàkì, ẹ máa ra wáyà kékeré tó ń sọ USB-C di jáàkì kẹ́ ẹ tó lè lò ó. Àwọn kan sì ti bi mí bóyá ó lè gbé sípíkà. Kò lè gbé e rárá, ẹ má tiẹ̀ dán an wò.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà

Fún iná:

- bátìrì 9V onígun mẹ́rin kan, àti fìlà ẹ̀ tó ní wáyà pupa àti dúdú
- súìsì kékeré kan
- iná LED kan, rẹsítọ̀ (ohun tó ń dí iná lọ́nà díẹ̀) 10k kan; k yìí ni ẹgbẹ̀rún ohm
- rẹsítọ̀ 4.7k méjì
- kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ díẹ̀) 220µF méjì, èyí tí wọ́n kọ 16V tàbí 25V sí lára
- kapásítọ̀ 0.1µF kékeré kan

Fún ohùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé méjì-méjì ni gbogbo ẹ̀ torí etí méjì la ní:

- kapásítọ̀ 0.1µF onípílásítíìkì méjì, tí kò mọ orí yàtọ̀ sí ìdí (wọ́n sábà máa ń kọ 104 sí i lára)
- rẹsítọ̀ 100k méjì, 1k méjì, 2.2k méjì
- chip OPA2134 kan (òun gan-an ló ń gbé ohùn sókè), àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó máa jókòó lé
- fọ́lúùmù 10k onílọ́po méjì, tí wọ́n kọ A10K sí lára
- jáàkì abo 3.5mm oní-stéréo méjì
- pátákó oníhò, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́

Irinṣẹ́: áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì 30 sí 40 watt, lẹ́ẹ̀dì, ohun tẹ́ ẹ máa fi gé wáyà, àti mítà. Ẹni tí ò bá ní mítà, kó yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe. Mi ò ní gba ẹnì kankan níyànjú pé kó ṣe é láìsí mítà.

Tẹ́ ẹ bá wà ní Bẹ̀nẹ̀ bíi tèmi, tẹ́ ẹ bá dé ọjà Ouando tàbí ọjà Dantokpa tẹ́ ẹ ní kapásítọ̀ lẹ fẹ́ rà, wọ́n á kàn máa wò yín ni. Faransé ni wọ́n fi ń pe gbogbo ẹ̀. Kapásítọ̀ ni condensateur, oní-220µF yẹn ni condensateur chimique. Rẹsítọ̀ ni résistance, fọ́lúùmù ni potentiomètre double, súìsì ni interrupteur, sọ́kẹ́ẹ̀tì chip ni support huit pattes, pátákó oníhò ni plaque à trous, lẹ́ẹ̀dì ni étain, áyọ́ọ̀nù ni fer à souder. Ẹ kọ ọ́ sínú bébà kẹ́ ẹ mú un lọ, ó yá ju kẹ́ ẹ máa fọwọ́ júwe lọ.

Ẹ lè tú rẹsítọ̀ àti jáàkì jáde lára rédíò tó ti kú, kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Àmọ́ kapásítọ̀ 220µF, tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Àlòkù tí orí ẹ̀ ti wú, ẹ jù ú nù.

Ẹ ṣọ́ra fún OPA2134 tí owó ẹ̀ bá kéré jù. Ayédèrú pọ̀ lórí ẹ̀, wọ́n á pa orúkọ ara chip mìíràn rẹ́, wọ́n á kọ OPA2134 sí i.

Àpótí ńkọ́?

Àwọn òyìnbó máa ń fi agolo míǹtì pẹlẹbẹ ṣe é. Èmi kì í wá agolo míǹtì kiri. Àpótí irin pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ iléèwé ń kó kọ́ńpáàsì àti rúlà sí ni mo máa ń lò, ó gùn, ó fẹ̀, irin tó sì wà lára ẹ̀ ń dí ariwo fóònù lọ́nà. Ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa wọ̀n ni jíjìn ẹ̀. Bátìrì 9V nípọn tó milimítà 17 ààbọ̀, torí náà àpótí tí kò bá jìn tó 20, kò ní dé. Mo ti ṣe ọ̀kan tán rí kó tó hàn sí mi pé ìdérí ò lè pa dé, mo fi rọ́bà dè é títí di òní. Ike ọṣẹ náà dáa, àmọ́ ẹ máa gbọ́ "tà-tà-tà-tà" fóònù nínú ẹ̀ tí ìpè bá fẹ́ wọlé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, díẹ̀ péré

Ohùn máa ń lọ sókè, ó máa ń lọ sódò, bí omi ọ̀sà tó ń jì. Chip náà gbọ́dọ̀ ní òkè, kó ní ìsàlẹ̀, kó sì ní àárín tí ohùn máa jókòó sí tó bá dákẹ́. Bátìrì kan ò ní ju orí méjì lọ. Rẹsítọ̀ 4.7k méjì yẹn ló ń pín 9V sí méjì ọgbọọgba, ibi tí wọ́n ti pàdé la ń pè ní gráúńdì àárín. Mo máa pè é ní M nísàlẹ̀ yìí. Láti M sókè, +4.5V. Láti M sísàlẹ̀, −4.5V.

Ẹ jọ̀ọ́, M kì í ṣe orí nẹ́gétíìfù bátìrì. Nínú gbogbo áńpù tí wọ́n ti gbé wá fún mi pé kò ṣiṣẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹni tó ṣe é so gráúńdì jáàkì mọ́ wáyà dúdú bátìrì torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú rédíò.

Ẹ yan bó ṣe máa lágbára tó kẹ́ ẹ tó fi lẹ́ẹ̀dì jó nǹkan kan

Rẹsítọ̀ méjì ló ń pinnu ẹ̀, 1k àti èkejì tó lọ sẹ́yìn láti ẹnu ọ̀nà àbájáde chip. Ẹ fi 1k pín èkejì, ẹ fi 1 kún un, iye ìgbà tó máa gbé ohùn sókè nìyẹn.

- 1k: ìgbà 2
- 2.2k: ìgbà 3.2
- 4.7k: ìgbà 5.7
- 10k: ìgbà 11

Iṣẹ́ tá a ń ṣe yìí, CMoy ni wọ́n ń pè é, orúkọ Chu Moy tó gbé e jáde ni wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwòrán ẹ̀ tẹ́ ẹ máa rí ló ń lo 10k, ìyẹn ìgbà 11. Mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀ fún fóònù. Lórí bátìrì 9V kan, chip yìí ò lè gbé ohùn ju nǹkan bíi 3V lọ lápá kọ̀ọ̀kan, fóònù tó bá ń gbé bíi ìdajì V jáde, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ìlọ́po mọ́kànlá, orí ẹ̀ máa kan òrùlé, ohùn á fọ́, fọ́lúùmù ò sì ní ṣeé yí ju díẹ̀ lọ kó tó máa dun etí. 2.2k ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá tó fún oní-300 tàbí 600 ohm, ẹ gbé e lọ sí 4.7k.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ẹsẹ̀ chip

Ẹ gbé e kalẹ̀ kí ẹnu kékeré tí wọ́n gé sí i lórí kọjú sókè. Ẹsẹ̀ 1 wà lókè lápá òsì, ẹ kà á sọ̀ kalẹ̀ dé 4, ẹ sọdá sápá ọ̀tún, 5 ló wà nísàlẹ̀ ńbẹ̀, ẹ wá máa kà á gòkè dé 8.

- 1, 2, 3 ni etí òsì: 1 ni àbájáde, 2 ni ìdápadà, 3 ni àbáwọlé
- 7, 6, 5 ni etí ọ̀tún, bákan náà gẹ́lẹ́
- 8 ni pọ́sítíìfù, 4 ni nẹ́gétíìfù

Ẹ rántí pé tẹ́ ẹ bá yí pátákó dojú dé láti jó o, òsì ti di ọ̀tún. Èmi máa ń fi báírò kọ 1 sí ẹ̀yìn pátákó náà, nítòsí ẹsẹ̀ 1.

Apá kìíní: iná

1. Ẹ ya gbogbo ẹ̀ sórí bébà ná. Láìnì kan lókè fún pọ́sítíìfù, ọ̀kan nísàlẹ̀ fún nẹ́gétíìfù, M láàárín.
2. Ẹ jó sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ àárín pátákó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan o, chip ṣì wà nínú ọ̀rá ẹ̀.
3. Wáyà pupa bátìrì lọ sínú súìsì, láti súìsì lọ sí láìnì pọ́sítíìfù. Wáyà dúdú lọ tààrà sí láìnì nẹ́gétíìfù.
4. Rẹsítọ̀ 4.7k kan láti pọ́sítíìfù dé M, èkejì láti M dé nẹ́gétíìfù.
5. Kapásítọ̀ 220µF méjèèjì. Ẹ wo ara wọn, ìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ní àmì ìyọkúrò, ẹsẹ̀ tó wà lápá ibẹ̀ ni nẹ́gétíìfù. Ti àkọ́kọ́: ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù ẹ̀ sí láìnì òkè, nẹ́gétíìfù ẹ̀ sí M. Ti ìkejì: ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù ẹ̀ sí M, nẹ́gétíìfù ẹ̀ sí láìnì ìsàlẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó jó o, torí èyí tẹ́ ẹ bá gbé sódì máa wú, ó sì lè bẹ́.
6. Ẹsẹ̀ gígùn LED gba inú rẹsítọ̀ 10k lọ sí láìnì pọ́sítíìfù, ẹsẹ̀ kúkúrú sí nẹ́gétíìfù.
7. Láìnì pọ́sítíìfù sí ẹsẹ̀ 8, láìnì nẹ́gétíìfù sí ẹsẹ̀ 4. Kapásítọ̀ 0.1µF kékeré yẹn, ẹ jó o sáàárín 8 àti 4, kó sún mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì bó bá ṣe lè sún mọ́ ọn tó.
8. Ẹ dúró. Ẹ fi bátìrì sí i, ẹ tan súìsì. Ẹ yí mítà sí DC 20V (DC ni iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, bíi ti bátìrì), ẹnu dúdú mítà sórí M, ẹnu pupa sínú ihò ẹsẹ̀ 8. Ẹ gbọ́dọ̀ rí bíi +4.5. Ẹ gbé ẹnu pupa lọ sí ẹsẹ̀ 4, ẹ gbọ́dọ̀ rí bíi −4.5. Bátìrì tuntun lè gbé e dé 4.7, ìyẹn ò burú. Tí apá kan bá jẹ́ 6 tí èkejì jẹ́ 3, ọ̀kan nínú rẹsítọ̀ 4.7k yín kì í ṣe 4.7k. Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀: yẹ́lò, àwọ̀ elésèé àlùkò, pupa.

Ẹ yọ bátìrì kẹ́ ẹ tó lọ sí apá kejì. Ẹ yọ ọ́ pátápátá, ẹ má kàn pa súìsì.

Ọ̀rọ̀ nípa jíjó díẹ̀ sí i. Áyọ́ọ̀nù ló ń mú ẹsẹ̀ àti pátákó gbóná, lẹ́yìn náà lẹ máa fi lẹ́ẹ̀dì kàn án lápá kejì, kó yọ́ wọ ara wọn. Kì í ṣe kẹ́ ẹ yọ́ lẹ́ẹ̀dì sórí áyọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ wá máa rẹ́ ẹ mọ́ ọn bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Èyí tó dáa máa ń dán, ó máa ń rọra rọ̀ wálẹ̀ bí òkè kékeré. Lọ́jọ́ tí èmi àti ọmọ Kétu ń ṣe tiẹ̀, iná lọ bí mo ṣe ń jó ẹsẹ̀ karùn-ún lọ́wọ́, áyọ́ọ̀nù tutù lọ́wọ́ mi, lẹ́ẹ̀dì náà dì sí àwọ̀ eérú, ó rí háráhárá bí iyọ̀. Ó fọwọ́ kàn án ó ní ó ti mú. Mo ní kó tì í díẹ̀, ẹsẹ̀ náà mì bí eyín ọmọ ọdún méje. Gbogbo èyí tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un jó. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀dì, nítorí náà ẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ má jókòó sínú yàrá tí fèrèsé ẹ̀ tì.

Apá kejì: ohùn

Etí òsì la máa ṣe tán ná.

9. Ẹ kọ́kọ́ mọ fọ́lúùmù yín. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà méjì, ọ̀wọ́ kan fún etí kan. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀ dojú kọ yín, ẹsẹ̀ sísàlẹ̀: ẹsẹ̀ òsì lọ sí M, ẹsẹ̀ ọ̀tún gba ohùn láti jáàkì àbáwọlé, ẹsẹ̀ àárín ló ń gbé ohùn lọ sí chip. Tẹ́ ẹ bá yí òsì àti ọ̀tún padà, fọ́lúùmù yín á máa dínkù tẹ́ ẹ bá yí i sókè.
10. Láti ẹsẹ̀ àárín, kapásítọ̀ 0.1µF onípílásítíìkì, dé ẹsẹ̀ 3.
11. Rẹsítọ̀ 100k láti ẹsẹ̀ 3 dé M.
12. Rẹsítọ̀ 1k láti ẹsẹ̀ 2 dé M.
13. Rẹsítọ̀ 2.2k láti ẹsẹ̀ 2 dé ẹsẹ̀ 1.
14. Wáyà láti ẹsẹ̀ 1 dé ẹsẹ̀ jáàkì àbájáde tó ń kan ṣóńṣó orí púlọ́ọ̀gì. Ṣóńṣó ni etí òsì, òrùka tó tẹ̀ lé e ni etí ọ̀tún, ìdí ni gráúńdì.
15. Ẹ tún un ṣe fún etí ọ̀tún: 5 dípò 3, 6 dípò 2, 7 dípò 1, òrùka dípò ṣóńṣó.
16. Ìdí jáàkì méjèèjì sí M.

Kí wáyà kúrú. Wáyà gígùn tó ń ṣe lọ́gọlọ̀gọ nínú àpótí ló máa ń kó ariwo wá.

Apá kẹta: mítà kọ́kọ́ gbọ́

17. Láìsí bátìrì, ẹ yí mítà síbi tó ń pariwo píì. Ẹ wò ó láàárín pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù, pọ́sítíìfù àti M, M àti nẹ́gétíìfù. Kapásítọ̀ lè jẹ́ kó pariwo fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ò sí wàhálà. Tó bá ń pariwo lọ láìdákẹ́, lẹ́ẹ̀dì ti so ibi méjì pọ̀.
18. Ẹ wá gbé chip sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹnu gígé ẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ 1 àti 8 wà. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Chip tí mo kọ́kọ́ fi owó gidi rà, alẹ́ ni mo fi sí i, mo gbé e sódì, mo tan iná, mo ń dúró kí orin dún. Nígbà tí mo fi ìka kàn án, mo já ìka mi padà bí ẹni fọwọ́ kan ìdí ìkòkò. Chip náà ò tún ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.
19. Bátìrì, súìsì. Ẹ fìka kan orí chip fún ìṣẹ́jú kan. Kò gbọ́dọ̀ gbóná. Tó bá gbóná, ẹ pa á kíá.
20. Ẹ yí fọ́lúùmù wálẹ̀ pátápátá, kò sí fóònù nínú ẹ̀, kò sí hẹ́dífóònù. Mítà sí DC 200mV, ẹ wọ̀n ún láàárín ṣóńṣó àti ìdí jáàkì àbájáde, lẹ́yìn náà òrùka àti ìdí.
 - Kò tó 20mV: ẹ máa lọ.
 - 20 sí 50mV: ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ tún wo rẹsítọ̀ 100k àti bẹ́ ẹ ṣe jó o.
 - Ó ju 50mV lọ: ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́. DC tó ń jáde láìdákẹ́ máa ti awọ inú hẹ́dífóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohùn ẹ̀ á máa há, tó bá pọ̀ jù á jó wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀.
21. Hẹ́dífóònù olówó pọ́ọ́kú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́, lórí tábìlì, kì í ṣe nínú etí. Ẹ fi orin sí i, ẹ rọra yí i. Tó bá dún létí méjèèjì láìfọ́, ẹ tó gbé oní-250 ohm yín wá.

Tí kò bá dáhùn

*Kò dún rárá, LED ò tàn.* Bátìrì tàbí súìsì ni. Tó bá ń dún àmọ́ tí LED ò tàn, ẹ gbé LED sódì ni.

*LED tàn, kò dún.* Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbé jáàkì àbáwọlé àti àbájáde fún ara wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

*Etí kan ṣoṣo ló ń dún.* Ẹ gbé mítà láti ẹsẹ̀ chip dé jáàkì, ẹ wo ibi tó ti já. Ọ̀pọ̀ ìgbà ẹsẹ̀ fọ́lúùmù ni, torí wáyà máa ń fà á.

*Ó ń dún wọ́ọ̀ọ̀ tàbí fíì, chip sì ń móoru láìsí orin.* Chip ń pariwo fúnra ẹ̀. 0.1µF tó wà láàárín 8 àti 4 jìnnà jù, tàbí ẹ gbàgbé ẹ̀. Tí ẹ ti fi sí i tí kò sì dákẹ́, ẹ fi rẹsítọ̀ 47 ohm sójú ọ̀nà wáyà àbájáde kọ̀ọ̀kan. Hẹ́dífóònù 250 ohm ò ní mọ̀ ọ́n lára.

*Báàsì ò sí, ohùn tín-ín-rín.* Dípò 0.1µF, 0.01µF lẹ rà. Ara ẹ̀ ni wọ́n kọ 103 sí. 104 là ń wá.

*"Tà-tà-tà" tí ìpè bá ń wọlé.* Ẹ so àpótí irin mọ́ M, kẹ́ ẹ sì gbé fóònù jìnnà díẹ̀. Ẹ má so ó mọ́ nẹ́gétíìfù bátìrì. Jáàkì onírin tẹ́ ẹ fi kan àpótí ti so ó mọ́ M fún yín tẹ́lẹ̀, ẹ sáà rí i pé orí bátìrì tàbí ẹ̀yìn pátákó ò kan irin náà. Ègé páálí kan nísàlẹ̀ pátákó ti tó.

*Ó ń hó tẹ́ ẹ bá ń yí fọ́lúùmù.* Fọ́lúùmù ti dọ̀tí tàbí ó ti gbó. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ ṣe

Ẹ má fi ṣájà fóònù tàbí USB rọ́pò bátìrì. Tí fóònù tó ń kọrin bá wà lórí ṣájà kan náà, gráúńdì fóònù ni nẹ́gétíìfù ṣájà, gráúńdì jáàkì yín sì ni M, àwọn méjèèjì á pàdé, ìdajì iná á lọ, ohun tẹ́ ẹ máa rí ò ní dáa. Bátìrì ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì ronú àtifà á tààrà láti ògiri.

Ẹ má fi orí bátìrì dán fìlà ẹ̀ wò lódìkejì "kẹ́ ẹ lè mọ ibi tó máa wọ̀", ìfọwọ́kàn kékeré yẹn ti tó pa chip.

Tẹ́ ẹ ò bá rí OPA2134

NJM4556A dáa, wọ́n lè kọ 4556 lásán sí i lára, ó lágbára ju OPA2134 lọ fún hẹ́dífóònù tí ohm ẹ̀ kéré. TL072 máa dún, ṣùgbọ́n ó rọ fún oní-32 ohm, oní-250 ni kẹ́ ẹ fi sí.

NE5532 wà níbi gbogbo, gbogbo èèyàn ló sì ń dábàá ẹ̀, ẹ̀bi ibẹ̀ ni wọn kì í sọ. Ó máa ń fa kọ́ráǹtì kékeré gba ẹsẹ̀ àbáwọlé, tí ìyẹn bá gba inú 100k kọjá ó lè di bíi 20mV, chip á wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ ti kọjá 50mV nìyẹn. Tó bá jẹ́ òun lẹ rí, ẹ sọ 100k méjèèjì di 22k, kẹ́ ẹ sì sọ 0.1µF onípílásítíìkì méjèèjì di 1µF.

Ẹni tó bá fẹ́ agbára sí i lè lo bátìrì méjì: pọ́sítíìfù ọ̀kan, nẹ́gétíìfù èkejì, ibi tí méjèèjì ti so pọ̀ ló di M, 4.7k méjì ò wúlò mọ́. Kapásítọ̀ 220µF ṣì máa wà, ti 25V ni kẹ́ ẹ lò. Súìsì gbọ́dọ̀ jẹ́ onílọ́po méjì, interrupteur double, kó máa gé bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí tí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù nìkan, DC lódindi ló máa já lé hẹ́dífóònù yín lórí.

Bátìrì àti etí

Gbogbo ẹ̀ ń mu bíi 10mA tí ohùn ò bá pọ̀. Bátìrì alkaline tó dáa máa tó bíi 40 wákàtí, olówó pọ́ọ́kú ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Tí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ lórí báàsì, ẹ wọ̀n ọ́n, tó bá ti wà ní 7V ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 80 dB fún 40 wákàtí lọ́sẹ̀ kan ni àgbàlagbà lè gbọ́ láìséwu. Áńpù yìí lè kọjá ìyẹn láìlàágùn. Ẹ yí fọ́lúùmù wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e borí, ní gbogbo ìgbà.

Ọmọ Kétu yẹn pè mí lálẹ́ ọjọ́ kejì, inú ẹ̀ ń dùn, ó ní ọ̀rọ̀ inú orin ti ń hàn, ó ní òun tiẹ̀ gbọ́ ajá kan tó ń gbó lókèèrè lẹ́yìn akọrin, òun ò mọ̀ pé ó wà nínú ẹ̀ látọjọ́ yìí. Mo ní, yí i wálẹ̀.